Abọ́ inú kókó igi: ohun tó mú un rẹwà náà ló ń mú un fọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi tó bá tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Igi tó gùn gbọọrọ, tí kò wọ́, tí kò ní kókó lára, òun ni àwọn agégi máa ń kọ́kọ́ fojú sí, òun náà ni gbẹ́nàgbẹ́nà máa ń wá kiri bó bá fẹ́ gbẹ́ òpó tàbí ilẹ̀kùn. Èyí tí ara rẹ̀ rí págunpàgun, tí kókó ńlá yọ sí lára bí ìgbà tí gẹ̀gẹ̀ bá yọ sí ènìyàn lọ́rùn, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣẹ́gi ìdáná. Ṣùgbọ́n láti bí àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn oníṣẹ́ ọnà kan ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Ọsirélíà ti ń dọdẹ kókó yìí gan-an. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ yí i di abọ́ àti ìkòkò onígi tí àwọn ènìyàn ń fi owó ńlá rà, tí wọn kò sì ní fi bu oúnjẹ láéláé. Wíwò ni wọ́n ń rà á fún.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó mọ ìwúlò kókó igi ṣáájú ìgbà náà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi gbẹ́ abọ́ kí àwọn òyìnbó tó dé bá wọn, àwọn oníṣẹ́ àga ní Yúróòpù náà sì ti ń là á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí àti tábìlì àwọn ọlọ́rọ̀. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé kí wọ́n gbé odindi rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, tòun ti èèpo, ihò àti ibi tó ti sán, kí wọ́n sì máa fá a lórí eré títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí igbá.

Ẹni tó bá ti dúró rí ní ìsọ̀ àwọn tó ń yí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àti ẹsẹ̀ àga yóò mọ irú ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Léètì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Irin kan á há igi mú ní orí kan, òmíràn á tì í lẹ́yìn ní orí kejì, mọ́tò á máa yí igi náà bírí-bírí, oníṣẹ́ á wá gbé irin mímú lé orí irin tí wọ́n fi ń gbáralé, á sì máa fá igi náà títí yóò fi di róbótó. Bí igi bá tọ́, iṣẹ́ yìí kì í pẹ́ kọ́ fún ẹni tó bá ní ọ̀gá tó dára. Ti kókó ni kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí kókó náà ṣe dáyé.

Igi tó ń dàgbà láìsí ìyọnu, iṣan inú rẹ̀ máa ń tò lọ sókè lọ́gbọọgba bí òwú tí wọ́n ta sórí òfì. Nígbà mìíràn, bóyá nítorí ọgbẹ́, bóyá nítorí kòkòrò, iná tàbí àrùn, tàbí nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àdámọ́ irú igi náà rí, apá kan lára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ojú èéhù láìdáwọ́dúró. Ojú wọ̀nyí lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọn kò sì ní ráyè di ẹ̀ka. Igi á máa hù yí wọn ká lọ́dọọdún, ibẹ̀ á máa wú, títí yóò fi di kókó tó lè tóbi ju odó lọ. Bí wọ́n bá la inú rẹ̀, iṣan rẹ̀ kò ní orí, kò ní ìdí. Ó lọ́, ó wé, ó yí po, àwọn ojú kéékèèké sì tò sínú rẹ̀ bí ojú ẹyẹ. Ní àárín wọn ni èèpo tó há sínú igi wà, ihò tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, òkúta tàbí iyanrìn tí igi hù bò mọ́lẹ̀, àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Ohun kan wà níbí tó máa ń ru àwọn tí kò mọṣẹ́ lójú. Odindi kókó tí ara rẹ̀ pé kò ṣe é fi àáké là. Nítorí pé iṣan rẹ̀ wé mọ́ra wọn, kò sí ibi tí àáké yóò gbà wọlé, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń fi í ṣe orí òòlù onígi. Àmọ́ bí wọ́n bá ti fá a tó fẹ́lẹ́, agbára náà á lọ. Agbára pákó tó fẹ́lẹ́ wà nínú gígùn iṣan rẹ̀, etí abọ́ tí wọ́n fi kókó yí kò sì ní iṣan kankan tó gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Bíi bisikíìtì ló ń dà. Gbogbo ohun tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọgbọ́n àtidi nǹkan mú ni, kí ó má baà fọ́ kó tó parí.

Kókó kì í yọ lára irú igi kan ṣoṣo. Ní Oregon àti Washington lápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, igi maple elewé ńlá ni wọ́n mọ̀ jù fún un. Ní Ọsirélíà, ìdí àwọn igi yukalíptọ́ọ̀sì ni kókó wọn máa ń wà, nínú ilẹ̀. Ní Mòrókò, àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú Essaouira ń wú kókó igi thuya láti abẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe àpótí kéékèèké tó ń dán, tó ń ta sánsán. Kókó igi tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní amboyna, láti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, wà lára àwọn tó wọ́n jù lọ, ọmọ ìyá kan náà ni igi náà sì jẹ́ pẹ̀lú igi osùn tí àwọn ìyá Yorùbá ń lọ̀ láti fi kun ara.

Nítorí pé owó wà nínú rẹ̀, olè náà ti wọ̀ ọ́. Ní etíkun California ni igi redwood wà, igi tó ga jù lọ ní gbogbo ayé, tí òmíràn nínú wọn ga ju mítà 100 lọ, tí òmíràn sì ti lo ju 2,000 ọdún lọ lórí ìdúró. Ìdí igi yìí ni kókó rẹ̀ sábà máa ń wà. Bí iná bá jó igi náà tàbí bí ó bá wó, láti inú kókó yẹn ni èéhù tuntun yóò ti yọ, tí igi tuntun yóò fi dìde ní ààyè baba rẹ̀. Ẹni tó bá gé kókó náà ti dá ọgbẹ́ ńlá sí igi lára, ọgbẹ́ tí àrùn àti kòkòrò ń gbà wọlé, ó sì ti mú ọ̀nà tí igi náà ìbá fi bí ọmọ kúrò. Àwọn tó ń jí i gé máa ń fi òru bojú, wọ́n á gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì wọ inú igbó tí ìjọba dáàbò bò, wọ́n á gé ìdí igi tó ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá wọn, wọ́n á sì gbé e sínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní oṣù kẹta ọdún 2014, àwọn alábòójútó igbó ọba redwood bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó gba inú igbó náà kọjá ní alaalẹ́, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí di ìgbà tó bá yọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń yí abọ́ redwood mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ rà á yóò bi í léèrè ibi tó ti rí igi.

Bàbá àti ọmọ kan ni ìtàn iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà kò ṣe é sọ láìdárúkọ wọn. Melvin Lindquist, tí wọ́n bí ní 1911, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ General Electric ní Schenectady, ìpínlẹ̀ New York, ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí irin ló mọ̀ dunjú. Bó bá kúrò níbi iṣẹ́, á lọ yí igi. Òun àti ọmọ rẹ̀, Mark, tí wọ́n bí ní 1949, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn igi tí àwọn oníṣẹ́ yòókù ń sá fún sórí ẹ̀rọ: kókó, àti igi tí olú ti ń jẹ, tí jíjẹ náà sì ti ya ìlà dúdú wínníwínní sí nínú. Wọn kì í fá ihò àti èèpo kúrò kí abọ́ lè dán láìlábàwọ́n. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ara ẹwà rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ni kò kọ́kọ́ gbà pé iṣẹ́ ọnà nìyẹn. Nígbà tó yá, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Metropolitan ní New York gba iṣẹ́ wọn wọlé, Mark sì kọ ohun tó mọ̀ sínú ìwé kan, Sculpting Wood, tó jáde ní 1986. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn oníṣẹ́ yìí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, American Association of Woodturners. Ààrẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn ni David Ellsworth, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ti irin tó tẹ̀ gba ihò kékeré wọlé láti ha inú igi títí ara ìkòkò yóò fi fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin. Melvin Lindquist kú ní ọdún 2000.

Iṣẹ́ gan-an kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó ló ti ń bẹ̀rẹ̀, oníṣẹ́ á máa wò ó yíká, á máa kàn án bí ẹni ń kan iṣu wò lọ́jà, á máa ronú ibi tí yóò gbé ayùn gbà. Àwọn ojú tó wà nínú kókó yìí, láti inú ni wọ́n ti ń bọ̀ síta, bí ìtànṣán oòrùn. Bí ayùn bá gba ẹ̀gbẹ́ wọn, ìlà gbọọrọ ni yóò rí. Bó bá dá wọn ní ìbú, ojú róbótó ni yóò rí, èyí sì ni àwọn olówó ń fẹ́. Nítorí náà, wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn kókó, níbi tí èèpo wà, di ìsàlẹ̀ abọ́, kí àwọn ojú náà lè yọ sí i lára yíká. Àṣìṣe kan níbi gígé yìí, kò sí bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ti omi inú igi, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ sì ń bàjẹ́ sí. Igi tútù á sún kì bó bá ń gbẹ. Igi tó tọ́ máa ń sún kì ní ìbú, gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, oníṣẹ́ sì lè mọ ibi tí yóò ti wọ́ kó tó wọ́. Kókó ní tirẹ̀ ń sún kì síbí, ó ń sún kì sọ́hùn-ún, nítorí pé gbogbo ọ̀nà ni iṣan rẹ̀ kọjú sí. Èyí tó bá há mọ́ ẹ̀gbẹ́ èèpo á ya kúrò lára rẹ̀, ara abọ́ á sì hunjọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá a jà ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yí i. Ní ẹ̀ẹ̀kíní, nígbà tó ṣì tutù, wọ́n á yí i ní yíyí àkọ́kọ́, wọ́n á sì jẹ́ kí ara rẹ̀ nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ rẹ̀. Abọ́ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, ara rẹ̀ á nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Wọ́n á fi ìda pa á lára, wọ́n á gbé e sínú àpò pépà pẹ̀lú ìfá igi tó bọ́ lára rẹ̀ gan-an, wọ́n á kọ ọjọ́ àti bó ṣe wúwo tó sára àpò náà. Lóṣooṣù ni wọ́n á máa wọ̀n ọ́n. Títí dìgbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá lọ sílẹ̀ mọ́, omi ṣì ń jáde nínú rẹ̀, ó sì lè gba oṣù mẹ́fà, ó lè gba ọdún kan. Ẹni tí kò bá lè dúró kí ó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Àwọn kan ti wá ọ̀nà mìíràn. Ed Moulthrop, ayàwòrán ilé ní ìlú Atlanta, tó kú ní 2003, máa ń yí igi tó tóbi débi pé ènìyàn lè wọ inú rẹ̀ jókòó, á sì rì í sínú oògùn olómi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ polyethylene glycol fún ọ̀pọ̀ oṣù. Oògùn yìí á wọ inú igi lọ gba ààyè tí omi wà, igi kò sì ní ráyè sún kì. Oògùn kan náà ni wọ́n fọ́n sára Vasa, ọkọ̀ ojú omi ogun tó rì ní Sweden ní 1628, nígbà tí wọ́n gbé e jáde nínú omi ní 1961, kó má baà fọ́ bó ṣe ń gbẹ. Ọdún 17 ni wọ́n fi ń fọ́n ọn.

Nígbà tí igi bá gbẹ tán, ó di gbígbé padà sórí ẹ̀rọ. Oníṣẹ́ ẹsẹ̀ àga kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ́ kí irin eléyín há igi mú. Ti kókó kò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí irin náà bá há ìdí rẹ̀ mú tó le, ìdí náà lè ya pọ́ọ́kú, kí gbogbo abọ́ sì fò kúrò. Ohun tí àwọn ọlọgbọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi gúlúù lẹ igi mìíràn tó le, tó tọ́, mọ́ ìdí kókó náà, igi yẹn ni irin yóò há mú. Bí wọ́n bá sì fẹ́ lo síkúrù, wọ́n á kọ́kọ́ fi nǹkan tọ ihò rẹ̀ wò, kí síkúrù má baà lọ jẹ inú èèpo tàbí ibi tó ti jẹrà. Irin ẹ̀yìn tó ń ti igi kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí di ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn mọ́.

Kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà. Etí abọ́ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, bí ẹ̀rọ bá ń yí i nígbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ń sáré tó kìlómítà 56 láàárín wákàtí. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ìgbà 2,000, ó ti di kìlómítà 113, eré tí mọ́tò ń sá ní ọ̀nà márosẹ̀. Igi oníkìlógíráàmù méjì tó bá já kúrò lórí eré bẹ́ẹ̀ kò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Àwọn ènìyàn ti kú nípa rẹ̀, àwọn tó sì ti ṣe é fún ogójì ọdún wà lára wọn. Nítorí náà, ìbòjú oníke tó nípọn ni wọ́n ń wọ̀, gíláàsì ojú lásán kò tó. Wọn kì í dúró sí ọ̀kánkán ibi tí igi lè fò gbà nígbà tí wọ́n bá ń tan ẹ̀rọ. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń dúró sí. Eré tó kéré jù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì tó àkókò kí wọ́n fi kún un nígbà tí ẹ̀rọ kò bá gbọ̀n mọ́, kì í ṣe nígbà tí ọwọ́ bá ń yá oníṣẹ́.

Irin tí wọ́n ń lò, àárín rẹ̀ jin bíi gọ́tà, ojú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mú bí abẹ. Bí irin bá kú, kò ní gé kókó, fífà ni yóò máa fa ojú inú rẹ̀ tu, ihò wẹ́wẹ́ ni yóò sì kù níbẹ̀. Lára igi tó tọ́, irin máa ń tẹ̀lé iṣan. Lára kókó, kò sí ohun tí yóò tẹ̀lé. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fá a, wọ́n á dojú irin ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kó lè bẹ́ igi bí ìgbà tí ọ̀bẹ ń bẹ iṣu, wọn kò ní tì í mọ́ igi. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fi etí ṣiṣẹ́ ju ojú lọ. Níbi tí igi bá ti pé, ìró irin máa ń lọ bí afẹ́fẹ́. Níbi tí ihò bá wà, irin á máa kan ẹnu ihò náà ṣáá, pá-pá-pá. Oníṣẹ́ ti mọ ìró yìí, kò sì bà á lẹ́rù. Èyí tó ń bà á lẹ́rù ni kí ìró náà yí padà lójijì. Á pa ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á sì fi ìka tọ ara abọ́ wò yíká, nítorí pé ohun kan ti sán.

Níbi sísán yìí ni súpà gúlúù ti wúlò. Èyí tó ṣàn bí omi ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe èyí tó ki. Wọ́n á kán an sójú ibi tó sán, igi á fà á mu wọnú, láìpẹ́ á gan. Ibi tó ti jẹrà, tí èékánná lè wọ̀, wọ́n á rin ín gbingbin títí yóò fi le bí egungun. Èèpo tó fẹ́ bọ́, wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́ padà. Abọ́ kan lè gbà tó ìgò mẹ́ta kó tó parí. Ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀, ṣá o. Gúlúù yìí máa ń fi àbààwọ́n sílẹ̀ sára igi tó funfun, nítorí náà ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ fi shellac pa àyíká ibẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń ta ojú. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ kán an nígbà tí ẹ̀rọ ń yí, nítorí pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò fi ojú ara rẹ̀ gbà á. Lẹ́yìn gúlúù, àwọn kan tún máa ń fi ọ̀rá fẹ́lẹ́ wé ẹ̀yìn abọ́ pinpin kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha inú rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń fi aṣọ di egungun tó dá.

Òfin kan wà fún híha inú abọ́ tí kò ní àforíjì: etí ni wọ́n ń kọ́kọ́ parí. Wọ́n á ha etí náà dé ibi tí wọ́n fẹ́ kó fẹ́lẹ́ mọ, wọ́n á ṣe é tán pátápátá, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á parí ìyẹn náà, wọ́n á tún sọ̀kalẹ̀. Igi tó ṣì nípọn nísàlẹ̀ ló ń di etí mú kó má gbọ̀n. Bí wọ́n bá ti ha ìsàlẹ̀ náà tán, dídì mú náà ti tán nìyẹn. Etí ti ń mì, ó sì ti wọ́ díẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá wá rí àléébù kékeré kan létí, tó ní kí òun tún padà lọ fi irin kàn án díẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti fọ́. Igi tí ọgọ́rùn-ún ọdún kọ́, tí wọ́n fi ọdún kan gbẹ, á di àfọ́kù nílẹ̀ ìsọ̀ kó tó ṣẹ́jú. Kò sí oníṣẹ́ kókó kan tí èyí kò ṣẹlẹ̀ sí rí, kì í sì í sábà jẹ́ àìmọ̀kan ló ń fà á, ojúkòkòrò ẹni tó fẹ́ kí ó dára sí i ni.

Ọ̀rọ̀ ihò máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wọn. Àwọn kan ń po eruku igi, ẹ̀rún kọfí, òkúta lílọ̀ tàbí ìyẹ̀ idẹ mọ́ gúlúù, wọ́n á fi dí gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ẹni tí kò fẹ́ ihò kí ó lọ ra ike. Ihò tó lè mú kí abọ́ ya sí méjì yẹ ní dídí. Èyí tí kò bá ṣe abọ́ ní ibi kankan, àtidí rẹ̀ pẹ̀lú òkúta aláwọ̀ búlúù máa ń dà bí ìgbà tí ènìyàn kó ìlẹ̀kẹ̀ sínú ọgbẹ́.

Sáńpépà dàbí iṣẹ́ ọmọdé, ó sì ti ba abọ́ jẹ́ ju irin lọ. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi lórí eré, ooru rẹ̀ á gbẹ ojú igi lójijì, igi á sì sán wínníwínní bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ dín eré ẹ̀rọ kù, kí ọwọ́ wọn fúyẹ́, kí wọ́n má sì fo nọ́ńbà kankan láti 120 lọ sí 180, 240, 320 títí dé 400. Ní etí ihò, wọ́n ń pa ẹ̀rọ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí pé ihò tó ń sáré lè gba ìka lọ. Eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ìbòmú kì í kúrò lójú, wọ́n á sì fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku kúrò nínú gbogbo ihò kí wọ́n tó fi ohunkóhun pa á.

Ní ti òróró ìparí, kókó máa ń mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí kan á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ọ́ jáde láti inú ojú rẹ̀. Ẹni tó bá lọ sùn láìnù ún kúrò, tótòòtó òróró tó gan ni yóò bá lára rẹ̀ lówùúrọ̀. Wọ́n ń pa á fẹ́lẹ́, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń dúró di ọjọ́ kejì, wọ́n á tún pa á, ó lè tó ìgbà mẹ́fà. Ìda ni wọn kì í sábà lò níbi tí ihò bá pọ̀ sí, nítorí pé á dì sínú ihò, á sì funfun bí ẹfun. Àkísà tí wọ́n bá fi nu òróró linseed kò gbọ́dọ̀ wà ní ìṣùpọ̀ ní kọ̀rọ̀ ìsọ̀. Bí òróró náà ṣe ń gbẹ ló ń gbóná, àkísà tó bá ká jọ lè gbiná fúnra rẹ̀ lóru láìsí ẹni tó ṣá ìṣáná. Ìta ni wọ́n ń sá a sí lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kí wọ́n rì í sínú omi.

Ó ku igi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á dojú abọ́ dé, wọ́n á fi irin fá a kúrò, wọ́n á fi sáńpépà dán ojú ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé e sórí pẹpẹ kó tó di títà, kí wọ́n mọ̀ bóyá ohun kan ṣì fẹ́ sán. Wọ́n á wá kọ orúkọ igi náà, ibi tí wọ́n ti rí i àti ọdún sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì kìlọ̀ fún ẹni tó bá rà á pé kó má gbé e sójú oòrùn, kó má sì bu omi sí i.